Àwọn Ọmọ Aláìgbọràn Tí Wọ́n Fún Ní Ìlú: Ìtàn Homer Lane àti Little Commonwealth

Ní ọdún 1913, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ kan láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ sí oko kan ní àgbègbè Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti tó ọmọ ọdún 14 sókè. Ilé-ẹjọ́ ti dá àwọn kan lẹ́bi olè jíjà. Àwọn mìíràn sì wà tí apá òbí àti tíṣà kò ká mọ́. Ẹni tó bá mọ irú ibi tí wọ́n máa ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ láyé ìgbà náà yóò máa retí ògiri gíga, agogo òwúrọ̀ àti ọ̀gá tó mú pàṣán dání. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Homer Lane ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé kò sí òfin kankan ní oko náà àfi èyí tí àwọn fúnra wọn bá ṣe.

Ìdí tí a fi mú ìtàn yìí wá fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa bá ara rẹ̀ níwájú pátákó ìkọ̀wé, a fẹ́ o, a kọ̀ o. (Ẹni tó bá ní òun kò ní ṣe tíṣà láéláé, ẹ jẹ́ kó dúró de ọdún àgùnbánirọ̀.) Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan kì í ṣàìsí tí gbogbo tíṣà ti fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ọmọ burúkú: èyí tó ń jà lójoojúmọ́, tàbí èyí tó ń fọ́ fèrèsé, tàbí èyí tó kàn dákẹ́ lọ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí la ń ṣe fún un nígbà tí pàṣán kò bá ràn án mọ́?

Ìdáhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí Lane tó dé kò lọ́jú pọ̀. Òfin ọdún 1854 fi ìdí ilé àtúnṣe ìwà múlẹ̀ fún ọmọ tó bá rú òfin. Ní 1857, òfin mìíràn dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń rìn gbéregbère, tí wọ́n rò pé yóò di ọ̀daràn lọ́la. Òfin ọmọdé ti ọdún 1908 tún nǹkan ṣe díẹ̀: ó ya ilé-ẹjọ́ ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára ti àgbà, ó sì fòpin sí jíju ọmọ tí kò tó ọdún 14 sí ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ adájọ́ ṣì lè pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọkùnrin lẹ́gba, ọdún 1948 ni òfin tó gba ìyẹn lọ́wọ́ adájọ́.

Ìpínlẹ̀ New Hampshire ni wọ́n ti bí Lane ní 1875. Tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni. Iṣẹ́ igi ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní Detroit, ó bójú tó ilé àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ford Republic, níbi tí àwọn ọmọ ti ń dá ṣe ìjọba ara wọn. Èrò yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti 1895 ni William R. George ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Freeville, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Montagu, fojú ara rẹ̀ rí ti Freeville, ó fẹ́ kí irú rẹ̀ wà nílé, ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Dorset ni wọ́n sì lò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Lane wá. Little Commonwealth ni orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀. A jiyàn díẹ̀ láàárín ara wa lórí bí a ó ṣe pè é ní Yorùbá. Ẹnì kan ní “Àjọní Kékeré” ló bá a mu jù, nítorí pé ohun tí a jọ ní ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ìlú Kékeré ni àwa tó kù fara mọ́, òun la ó sì máa lò.

Ní Ìlú Kékeré, ará ìlú ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ, wọn kì í pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n. Agboolé-agboolé ni wọ́n ń gbé, ọkùnrin àti obìnrin papọ̀, ohun tó ya àwọn èèyàn ìgbà náà lẹ́nu gidigidi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ gba owó, nínú owó náà ló ti ń san ti oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ya ọ̀lẹ, Lane kò ní pa á lébi, kò sì ní nà án. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni yóò ru gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo bí yóò ṣe rí fún ọ̀lẹ yẹn lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ tiwọn, tí ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Ẹni tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ti pè ní olè lè jí lọ́la kó di ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ olè.

Ìtàn kan wà tí Lane fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Ọmọkùnrin kan wà tí ibẹ̀ kò bá lára mu, tó máa ń ta ko ohun gbogbo. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń mu tíì, Lane bi í pé kí ni yóò yí padà bí àṣẹ ibẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà wo orí tábìlì, ó ní òun ìbá fọ́ àwọn ife àti àwo wọ̀nyí. Lane gbé irin tí wọ́n fi ń koná lé e lọ́wọ́, ó ní ó yá, fọ́ wọn. Ọmọ náà fọ́ wọn. Lane tún gbé òmíràn síwájú rẹ̀, ó fọ́ ìyẹn náà. Nígbà tó yá, Lane yọ aago tirẹ̀, ó gbé e fún un pé kó fọ́ òun náà. Ọmọ náà wo aago, ó wo ojú Lane, ó sì gbé aago náà padà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, tó ní kí wọ́n fún òun níṣẹ́.

Lójú Lane, agbára tí ọmọ fi ń fọ́ ife náà ló máa fi kan àga, bí ọ̀nà bá là fún un. Ẹni tó ń kọ àṣẹ ti di dandan kó máa kọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń pàṣẹ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwa Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ká sòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń ṣiṣẹ́. Lane ní tirẹ̀ ká ọwọ́ ọ̀tún kò pátápátá, òsì nìkan ló lò, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí gbogbo èèyàn ti sọ̀rètí nù lórí wọn.

Ibi tí ìtàn náà ti korò nìyí, a kò sì ní fò ó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin méjì láti Ìlú Kékeré fẹ̀sùn kan Lane pé ó bá àwọn ṣe ìṣekúṣe. Ìjọba rán agbẹjọ́rò àgbà kan, J. F. P. Rawlinson, láti ṣe ìwádìí. Lane ní irọ́ ni. Wọn kò gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, wọn kò sì tẹ àbájáde ìwádìí náà fún ará ìlú kà. Ìjọba ní àyàfi bí Lane bá kúrò níbẹ̀, àwọn yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ láti lé e, wọ́n kúkú ti ibẹ̀ pa ní 1918. Ọdún márùn-ún péré ni Ìlú Kékeré lò.

Àwọn kan tó fẹ́ràn Lane sọ pé irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí wọn kò lè sọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá nígbà tí a kà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní ó yẹ ká fọkàn tán débi ká gbé àga adájọ́ fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe di òpùrọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ọ̀gá? Bóyá Lane jẹ̀bi, bóyá kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju agbára ilé-ẹjọ́ ọmọdé lọ. Níbi tí ohun gbogbo bá ti rọ̀ mọ́ ìfẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀nà wo ni ọmọ yóò gbà bí ẹni náà bá ṣẹ̀ ẹ́? Paris ni Lane kú sí ní 1925.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀. Ní 1933, òfin tuntun pa àwọn ilé àtúnṣe ìwà àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀, wọ́n fún wọn lórúkọ kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Orúkọ yìí ló wọkọ̀ òkun wá sọ́dọ̀ wa. Òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní Nàìjíríà ní 1943 gba ìlànà rẹ̀: ẹni tí kò tó 14 ni ọmọdé, ẹni tó wà láti 14 títí tí kò fi tíì pé 17 ni ọ̀dọ́, wọ́n ní ilé-ẹjọ́ tiwọn, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè kó wọn lọ. Ìṣẹrí ní Èkó wà lára ibi tí irú rẹ̀ wà. Ìyá mélòó ní Èkó ni kò tíì fi ilé àwọn ọmọ aláìgbọràn dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ rí? Èyí tí òyìnbó fi ránṣẹ́ sí wa nìyẹn nínú ohun méjì tó ní nílé.

Èkejì kò kú. David Wills, tó wá kọ ìtàn ìgbésí ayé Lane ní 1964, ti darí àgọ́ Hawkspur ní Essex láti 1936 fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ayé sú. Ní 1940, ó lọ sí ilé kan tó ń jẹ́ Barns ní Scotland, láti tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n kó kúrò ní ìlú nítorí bọ́ǹbù, tí kò sí ìdílé tó lè gbà wọ́n mọ́ra. Kò sí ìyà níbẹ̀, àwọn ọmọ ló ń ṣe òfin. Ní Kent, George Lyward lo ohun tó lé ní ogójì ọdún nídìí Finchden Manor, ilé ńlá àtijọ́ kan tí kò ní àkókò kíláàsì tó dájú, níbi tí àwọn ọmọkùnrin tí ọkàn wọn ti dàrú ti rí àyè sinmi kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé. Ọdún 1945 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ nínú òfin ẹ̀kọ́: ọmọ tí kò bá àyíká rẹ̀ mu. Wọ́n ti yí orúkọ náà padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà; èyí tí wọ́n ń lò láti 2014 ń sọ nípa ìṣòro àwùjọ, ti ìmọ̀lára àti ti ìlera ọpọlọ.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tó jókòó lẹ́sẹ̀ Lane ni A. S. Neill, ẹni tó dá Summerhill sílẹ̀. Láti 1927 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà ní Leiston ní Suffolk, ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti lé sì pọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò bá fẹ́ wọ kíláàsì kò ní wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1999, ìjọba fẹ́ fi agbára yí èyí padà, ọ̀rọ̀ sì di ti ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2000. Nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba gbé àdéhùn wá, àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dá a gbà. Wọ́n tọrọ àyè, àwọn ọmọ sì ṣe ìpàdé wọn nínú yàrá ilé-ẹjọ́ gan-an, wọ́n jiyàn lórí àdéhùn náà, wọ́n sì dìbò pé àwọn gbà á.