Òróró Bẹ́gámọ́ọ̀tì Láàárín Oògùn àti Lọ́fínńdà: Òfin Mẹ́ta àti Ìtàn Ẹ̀rí Àǹfààní Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ nípa òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì ni ó jẹ́ ìyìn. Wọ́n ní ó ń mú ara tuni, ó ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó ń lé ìbànújẹ́ kúrò lọ́kàn, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè òpìtàn: ta ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni ó sọ ọ́, kí sì ni ó ń tà nígbà tí ó ń sọ ọ́? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àǹfààní òróró yìí kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ó dúró lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin mẹ́ta, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1810, 1995 àti 2001, ni ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa rẹ̀: Kí ni ó wà nínú ìgò? Kí ni ó ń ṣe sí ara ẹni tí ó ń lò ó? Ibo ni ó ti wá? Bí ìbéèrè ti ń yí padà ni ìtumọ̀ àǹfààní náà ń yí padà.

2. Èso náà àti Ilẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀kan nínú ẹbí ọsàn ni bẹ́gámọ́ọ̀tì. Ìwádìí lórí àbùdá rẹ̀ fi hàn pé lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn kíkorò ni ó para pọ̀ bí i. Omi inú èso náà kan, ó sì korò, nítorí náà kì í ṣe torí jíjẹ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Inú èèpo rẹ̀ ni òróró wà. Ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ewéko kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tún ń pè ní bẹ́gámọ́ọ̀tì nítorí pé òórùn àwọn méjèèjì jọra. Ewéko yẹn kì í ṣe ẹbí ọsàn rárá.

Àríyànjiyàn wà lórí orúkọ náà. Àwọn kan so ó mọ́ ìlú Bergamo ní àríwá Ítálì. Àwọn mìíràn sọ pé èdè Tọ́kì ni ó ti wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èso píà ìjòyè. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni ibi tí èso náà ti fìdí múlẹ̀. Etí òkun Calabria, ní ìpẹ̀kun gúúsù Ítálì, ní àyíká ìlú Reggio Calabria tí ó dojú kọ erékùṣù Sicily, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì àgbáyé ti ń jáde. Ìtàn àdúgbò náà gbà pé Nicola Parisi ni ó kọ́kọ́ gbin oko bẹ́gámọ́ọ̀tì níbẹ̀ ní ọdún 1750. Wọ́n ti gbin igi náà sí ibòmíràn pẹ̀lú, títí kan Ivory Coast ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n Calabria ni ọjà ṣì ń wò.

3. Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún òróró náà jáde. Òṣìṣẹ́ yóò la èso sí méjì, yóò yọ inú rẹ̀ kúrò, yóò wá tẹ èèpo mọ́ kànrìnkàn tí wọ́n mú láti inú òkun. Òróró yóò bẹ́ jáde láti inú èèpo, kànrìnkàn yóò fà á mu, òṣìṣẹ́ yóò sì fún un sínú abọ́. Nǹkan bí igba kílò (200) èso ni ó ń mú kílò kan òróró wá. Ní ọdún 1844 ni Nicola Barillà ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń ha èèpo odindi èso láìlà á. Ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ Calabria, mú kí iṣẹ́ náà yára ju ti ọwọ́ lọ.

Kókó kan wà níhìn-ín tí ó ṣe pàtàkì fún ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Kò sí iná nínú ọ̀nà méjèèjì. Bí wọ́n bá se èèpo kí ooru rẹ̀ lè gbé òróró jáde, àwọn èròjà tí ó wúwo yóò ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní tútù, ohun gbogbo tí ó wà nínú èèpo ni yóò bá òróró jáde, àtèyí tí ó lóòórùn àtèyí tí kò lóòórùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò lóòórùn yìí ni bergapten.

4. Òfin Ọdún 1810: Kí Ni Ó Wà Nínú Ìgò?

Ọmọ Ítálì ni Giovanni Maria Farina, tí wọ́n bí ní ọdún 1685. Ìlú Cologne ní Jámánì ni ó ti ń ta omi olóòórùn kan tí ó fi orúkọ ìlú náà pè. Ọdún 1709 ni ilé iṣẹ́ ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọtí líle ni wọ́n fi ń po omi náà pọ̀ mọ́ òróró èèpo ọsàn oríṣiríṣi, bẹ́gámọ́ọ̀tì sì jẹ́ pàtàkì nínú wọn. Lójú àwọn tí ó ń rà á ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, oògùn ni. Wọ́n ń fi í ra ara, wọ́n sì ń kán an sínú omi tàbí wáìnì mu, fún orí fífọ́, inú rírun àti ìdáàbòbò lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn mìíràn ní ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, olúkúlùkù sì pa àpòpọ̀ tirẹ̀ mọ́ láṣìírí.

Ọwọ́ ìjọba Faransé ni Cologne wà láti ọdún 1794. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ògún (August) ọdún 1810, Napoleon pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta oògùn àṣírí fi àpòpọ̀ rẹ̀ han ìjọba. Ojú méjì ni àwọn olómi Cologne wá dé: kí wọ́n sọ àṣírí, tàbí kí wọ́n má pe ọjà wọn ní oògùn mọ́. Èkejì ni wọ́n yàn. Láti ìgbà náà lọ, omi ìpara olóòórùn ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó wà nínú ìgò kò yí padà. Orúkọ ni ó yí padà. Kì í ṣe oníṣègùn ni ó yẹ ẹ̀rí wò tí ó sì rí i pé kì í wo àrùn, kì í sì í ṣe aláìsàn ni ó ráhùn. Ìbẹ̀rù òfin ni ó sọ oògùn di lọ́fínńdà.

Èdè Yorùbá pàápàá pa apá kan ìtàn irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ara orúkọ omi láfẹ́ńdà, tí àwọn Òyìnbó ń lò gẹ́gẹ́ bí oògùn àti gẹ́gẹ́ bí ohun ìpara, ni ọ̀rọ̀ náà lọ́fínńdà ti jáde.

Ìtàn tíì Earl Grey, tí òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì ń ta sánsán nínú rẹ̀, fi ohun kan náà hàn. Ìtàn tí àwọn oníṣòwò ń sọ ni pé ìjòyè kan ní Ṣáínà ni ó fi tíì náà ta Charles Grey lọ́rẹ, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1830 sí 1834. Grey kò dé Ṣáínà rí. Àwọn àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1820 àti 1830 tí ó mẹ́nu ba bẹ́gámọ́ọ̀tì nínú tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú tíì tí kò dára tó jọ ojúlówó. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ọlọ́lá wá bo àbùkù náà mọ́lẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, pàápàá lórí igbá ọjà.

5. Òfin Ọdún 1995: Kí Ni Ó Ń Ṣe Sí Ara?

Ní ọdún 1834 ni Kalbrunner yọ bergapten jáde láti inú òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì. Ọdún 1916 ni Freund ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àpá dúdú tí ó yọ lára àwọn tí wọ́n fi omi Cologne para tí wọ́n sì jáde sínú oòrùn. Ní ọdún 1925, Rosenthal fún àìsàn awọ ara yìí ní orúkọ, nítorí pé àpá náà máa ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀kán omi lára ọrùn. Ọdún 1938 ni Kuske fi hàn pé ẹbí èròjà tí bergapten wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú kí oòrùn jó awọ ara. Nítorí náà, ọdún 82 ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n rí èròjà náà nínú ìgò àti ìgbà tí wọ́n kọ ìpalára omi náà lára ènìyàn sílẹ̀.

Kí ni ó fa ìdádúró yìí? Ìdí méjì ni ó hàn. Èkíní ni pé omi náà nìkan kì í dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Àfi kí ìtànṣán oòrùn bá a pàdé lára. Ìjóná náà kì í sì í yọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó fara hàn, nítorí náà ó ṣòro fún ẹni tí ó jóná láti fura sí lọ́fínńdà. Èkejì ni pé bí omi náà ti kúrò lọ́wọ́ oògùn, ó kúrò lójú oníṣègùn pẹ̀lú. Ohun tí òfin 1810 lé jáde láti ilé oògùn ni ó wọlé sí yàrá ìmúra, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń ka àpá.

Síbẹ̀, tibi tire ni a dá ilé ayé. Ní Kaírò, ní àwọn ọdún 1940, El Mofty lo èròjà inú ewéko Íjíbítì kan, tí ó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú bergapten, pẹ̀lú ìtànṣán oòrùn láti tọ́jú àrùn tí ń mú kí awọ ara funfun kálekále. Láti ọdún 1974 ni àwọn oníṣègùn ti ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ àti iná àtọwọ́dá tọ́jú àwọn àrùn awọ ara mìíràn. Agbára tí ń jó ara náà ni agbára tí ń tún un ṣe. Ìwọ̀n àti àbójútó ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Àwọn oníṣòwò Yúróòpù náà mú agbára yìí lò. Wọ́n fi òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì sínú ìpara tí àwọn Òyìnbó ń lò kí oòrùn lè tètè mú awọ ara wọn dúdú. Nígbà tí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ pọ̀ sí i, àṣẹ ọdún 1995 ní Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dín ẹbí èròjà yìí kù sí ìsàlẹ̀ mílígíráàmù kan nínú kílò kan ìpara oòrùn. Èyí ni ó jẹ́ kí òróró tí wọ́n ti yọ bergapten kúrò nínú rẹ̀ gbilẹ̀ lọ́jà. Nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò, èyí nìkan ni ó béèrè lọ́wọ́ ara ẹni tí ń lò ó.

6. Òfin Ọdún 2001: Ibo Ni Ó Ti Wá?

Ní ọdún 1918 ni wọ́n dá ilé ìwádìí lórí òróró olóòórùn àti ohun tí ń jáde lára ọsàn sílẹ̀ ní Reggio Calabria. Iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìpọ̀, nítorí pé ọ̀wọ́n òróró gidi ń fa àdàlù, linalyl acetate, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń fún un ní òórùn, sì ṣeé ṣe ní ilé iṣẹ́ láìsí èso kankan. Ní ọdún 2001, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì Reggio Calabria. Ní 1810, àwọn olówò sá fún òfin tí ó ní kí wọ́n sọ òdodo ọjà wọn; ní 2001, òfin tí ó fi ìdí òdodo ọjà múlẹ̀ di èrè fún wọn.

7. Ìkádìí

Ó hàn nínú ìtàn yìí pé àkójọ àǹfààní tí ó wà lára ìgò òróró kì í ṣe àkójọ ẹ̀rí. Láti ìgbà tí Gattefossé ti lo ọ̀rọ̀ náà aromathérapie nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1937 ni òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì ti ń padà sípò oògùn. Àyẹ̀wò díẹ̀ wà tí ó sọ pé fífín òórùn rẹ̀ símú ń dín àìbalẹ̀ ọkàn kù, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó kópa nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Òpìtàn tí ó bá bá ìyìn ọ̀rúndún kejìdínlógún pàdé lára ìgò tuntun ní láti rántí pé ìyìn náà kò já sí òfo nítorí ẹ̀rí ní 1810, kò sì padà nítorí ẹ̀rí nìkan.

Ìbéèrè kan wà tí òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò béèrè. Ti 1810 bi olówò léèrè, ti 1995 bi awọ ara olùrà, ti 2001 bi ilẹ̀. Ẹni tí ó ká igba kílò èso kí kílò kan òróró tó jáde kò sí nínú ìkankan wọn. Orúkọ Calabria ni òfin dáàbò bò. Kò sọ iye tí yóò kan ẹni tí ó gun igi.