Orúkọ Tó Yẹ Ìyẹ̀ Ara Fọ́tò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ẹ̀kọ́ fọ́tò di Yorùbá láyé ìsinsìnyí kò wo ilé, wọn kò wo ọ̀nà, kí wọ́n tó pe ohun wínníwínní tó fọ́n sára àwòrán dúdú-òun-funfun tí fíìmù yà ní “ọkà”, bí ẹni pé oúnjẹ ẹyẹ ni wọ́n dà sójú ènìyàn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí “kámẹ́rà” tàbí “fíìmù”, nítorí àlejò tó ti di ọmọ onílé ni wọ́n. Kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ wa pé “fífọ̀” là ń fọ fọ́tò, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé omi àti oògùn inú yàrá òkùnkùn ló ń ṣe é.

Ohun wínníwínní yìí ló ta kókó. Nínú fíìmù bíi Tri-X, tí Kodak ṣe fún kámẹ́rà kékeré ní 1954, iyọ̀ fàdákà ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Bí oògùn bá kàn án, yóò di fàdákà dúdú, ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré, láìtò. “Hóró” kò burú, àmọ́ hóró ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sábà máa ń jọra. “Èérún” ni àwọn mìíràn fara mọ́. Kí ló wá fọ́ tí èérún fi bọ́ lára rẹ̀? Ohun tí a fi ya àwòrán gan-an kò lè jẹ́ àjẹkù àwòrán. “Ìyẹ̀” ni tèmi: ìyẹ̀ inú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀ inú ìyẹ̀ròsùn tí babaláwo ń tẹ Odù sí, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá sí lójú ọpọ́n, ọpọ́n kò ní ohun tí yóò fi hàn wá. (Kí olùtẹ̀wé jọ̀wọ́ má gbàgbé àmì ohùn, kí ìyẹ̀ fàdákà má baà di ìyẹ́ adìyẹ.)

Ní ti ohun wínníwínní tí kámẹ́rà dígítà ń kó sára àwòrán nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń pè ní “ariwo”, ojú kì í gbọ́ ariwo. “Pàǹtí” ni mo pè é, nítorí iná mànàmáná wà lára ohun tó ń dà á sílẹ̀, gbígbá ló sì yẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò dígítà jọ ti fíìmù yóò gbá pàǹtí kúrò, yóò mú kí ibi títàn rọ̀ kí funfun má baà já lójijì, lẹ́yìn náà ni yóò fọ́n ìyẹ̀. “Fọ́n” ni, kì í ṣe “bù”, nítorí ohun tí a bù ojú kan ló ń wà; fífọ́n ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀ hàn jù níbi aláwọ̀ eérú, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbi dúdú kirikiri àti ibi funfun báláú.