Ilé Wo Ni A Ó Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ?
Ìtàn orúkọ ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, àti ohun tí ó kàn wá níbẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tọkọtaya Yorùbá tí wọ́n bímọ sí Dublin, Cork tàbí Galway, ilé wo ni kí wọ́n wò? Ṣé ilé tí wọ́n ti wá ni, tàbí ilé tí ọmọ náà yóò gbé dàgbà? Bí wọ́n bá pe ọmọ ní Ciarán Adéwálé tàbí Saoirse Fọlákẹ́, ìyá àgbà ní ilé yóò béèrè lórí tẹlifóònù pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ta ni ó sì lè pè é? Àwọn kan láàárín wa ní ọ̀nà àtisọ ara ẹni nù nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá dé ìlú, kí ó ṣe bí ará ìlú ti ń ṣe.

Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ìtàn orúkọ tí à ń jà lé lórí. Ọ̀pọ̀ wa ni ó rò pé orúkọ òyìnbó, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Orúkọ àwọn ará Írẹ́lándì ti rí ogun, ó ti rí òfin, ó sì ti rí ìtìjú. Bí a bá gbọ́ ìtàn rẹ̀, a ó rí ara wa níbẹ̀.

Ó àti Mac

Àwọn ará Írẹ́lándì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ní orúkọ ìdílé tí ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Mac túmọ̀ sí ọmọkùnrin. Ó túmọ̀ sí ọmọ-ọmọ tàbí àrọ́mọdọ́mọ. Àrọ́mọdọ́mọ Ọba Brian Boru, ẹni tí ó kú nígbà ogun Clontarf ní ọdún 1014, ni ó ń jẹ́ Ó Briain, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di O'Brien. Ọmọbìnrin ìdílé náà kì í jẹ́ Ó ní èdè wọn. Ní Bhriain ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí oríkì orílẹ̀ ti ń so ènìyàn mọ́ baba ńlá rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí tiwa. Kí ènìyàn tó jókòó, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́.

Òfin dé

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gba ilẹ̀ náà mọ agbára tí ń bẹ nínú orúkọ. Ní ọdún 1366 wọ́n ṣe òfin ní ìlú Kilkenny pé Gẹ̀ẹ́sì kankan tí ń gbé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ bí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti ń jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1465 òfin mìíràn tún dé. Ó ní kí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ń gbé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè Dublin, Meath, Louth àti Kildare mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà tilẹ̀ yan irú orúkọ tí wọn yóò mú fún wọn: orúkọ ìlú, bíi Sutton tàbí Chester, orúkọ àwọ̀, bíi White, Black tàbí Brown, orúkọ iṣẹ́ ọwọ́, bíi Smith tàbí Carpenter, tàbí orúkọ ipò, bíi Cook tàbí Butler.

Òfin nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà tán. Nígbà tí agbára àwọn ọba àti ìjòyè wọn ti ṣẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọ̀pọ̀ ìdílé fi ọwọ́ ara wọn gé Ó àti Mac kúrò lára orúkọ, kí ọ̀nà oúnjẹ lè là fún wọn. Akọ̀wé ìjọba a máa kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, débi pé ìdílé kan náà lè ní oríṣi orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé. Orúkọ àbísọ náà kò sì yọ. Diarmaid di Jeremiah, Conchobhar di Cornelius, Sorcha di Sarah, Tadhg di Timothy. Ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ wọn bára mu. Akéwì ni Tadhg túmọ̀ sí. Timothy ní tirẹ̀ ti inú èdè Gíríìkì wá, ẹni tí ń bọlá fún Ọlọ́run ni. Wọ́n kàn wá èyí tí ó fẹ́ jọ ọ́ lẹ́nu ni, èyí tí ọ̀gá lè pè. Orúkọ Tadhg yìí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀tá fi sọ ọ́ di èébú tí wọ́n fi ń bú gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 1831 ni ìjọba dá ètò ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Nígbà tí ó di ọdún 1845, àrùn ba ọ̀dùnkún jẹ́ nínú oko, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Irish ní ọjà títí di òní. Ìyàn ńlá tẹ̀lé e. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan mìíràn sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láàárín ọdún díẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wọn jù, ni ìyà náà ti pọ̀ jù. Láti ìgbà náà lọ, òbí tí ó mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni ọmọ òun ń lọ kò rí ìdí tí yóò fi sọ èdè ilé sí i létí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà èyí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ibi tí kò jìnnà sí yín.

Àárò ilé

Nígbà tí wọ́n dé òkèèrè tán, àárò ilé mú wọn. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà àti Australia bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ tí yóò rán wọn létí ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n sọ ọmọ ní Colleen. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni cailín, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọbìnrin lásán. Ó dà bí ẹni pé a mú ọmọ jáde ní ọjọ́ kẹjọ tí a sọ pé Ọmọbìnrin ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ ní Erin, orúkọ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ ní Shannon, orúkọ odò. Wọ́n mú Caitlín, èyí tí wọ́n ń pè ní nǹkan bíi Katilíìn ní ilé, wọ́n kà á bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó di Kéétìlìn, wọ́n sì tún kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ìfẹ́ ilé kò kú nínú wọn. Ohùn ilé ni ó sọnù.

1892 ní Dublin, 1894 ní Èkó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Douglas Hyde dìde ní Dublin, ó sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ wí pé wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn rẹ́. Ó dárúkọ èdè, orin, aṣọ àti eré, kò sì fi orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú sílẹ̀. Ní ọdún 1893 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Gaelic League sílẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá Ó àti Mac padà sí ipò wọn. Ní ọdún 1938 Hyde yìí kan náà ni ó di Ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Írẹ́lándì.

Ní ìgbà kan náà, ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Àwọn Sàró àti àwọn ọmọ wọn ti ń jẹ́ orúkọ tí ìgbèkùn àti ìrìbọmi gbé lé wọn lórí. A mọ ìtàn Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí wọ́n rì bọmi ní Sàró ní ọdún 1825, tí ó sì di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí dé ìgbà ikú rẹ̀ kò ju Àjàyí nù. Àlùfáà Onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, ọmọ tí a bí ní Iléṣà ní ọdún 1860, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1894 ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ pátápátá, ó sì di Mojọlá Agbebì. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Hyde dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Òkun pín ìlú méjèèjì níyà, ọ̀kan náà sì ni ohun tí ń dùn wọ́n.

Àjèjì tí ó di onílé

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé gbogbo orúkọ tí ó bá ti òkèèrè wá ni ó jẹ́ àmì ẹrú. Patrick tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Írẹ́lándì kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ará Bìrìtéènì ni, wọ́n sì jí i kó lọ síbẹ̀ lẹ́rú nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 16. Ọdún 6 ni ó fi da ẹran kí ó tó sá lọ, kí ó tó tún padà wá wàásù fún wọn. Èdè Látìnì ni orúkọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀rù orúkọ náà ń ba àwọn ènìyàn; wọn kì í sọ ọmọ ní Patrick lásán, ìránṣẹ́ Patrick ni wọ́n ń sọ ọ́. Ó di nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí ó tó wọ́pọ̀. Seán náà, Jòhánù ni, ẹnu àwọn tí ń sọ èdè Faransé ni wọ́n ti gbà á. Èdè wọn gbé e mì, ó sì di tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti sọ Ibrahim di Bùràímọ̀. Lọ́wọ́ àwọn àlùfáà àti sísítà Àgùdà tí ó wá láti Írẹ́lándì ni ọ̀pọ̀ àwọn baba àti ìyá wa ní Èkó àti Ìbàdàn sì ti gba Patrick àti Brigid.

Àṣà wa pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí a bí ọmọ sí. Ọmọ tí a bí sí ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà. Ọmọ tí ó ti òkèèrè bọ̀ ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ẹ wo gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá nì, Giannis Antetokounmpo, tí a bí ní Athens ní ọdún 1994. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé baba rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ ọ́, wọ́n tún dá a padà sí lẹ́tà tiwa fún ìwé ìrìnnà ní ọdún 2013, ó sì jáde bẹ́ẹ̀. Ohun tí akọ̀wé ṣe fún ìdílé Ó àti Mac náà ni. Síbẹ̀, etí Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé adé ni ó ti òkun bọ̀.

Kí ni ká ṣe?

Èrò tèmi ni pé orúkọ Írẹ́lándì lára ọmọ wa kò burú, bí a bá mọ ohun tí à ń ṣe. Àwọn ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn.

Èkínní, kí a mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Saoirse túmọ̀ sí òmìnira. Orúkọ tí ó jáde ní ọ̀rúndún ogún ni, nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira ilẹ̀ wọn. Ìyá àgbà tí ó bá gbọ́ èyí kò ní pè é ní orúkọ asán mọ́.

Èkejì, kí a má ṣe sọ ọmọ lórúkọ nítorí ìbẹ̀rù. Títí di òpin ọdún 2004, ọmọ tí a bá bí sí Írẹ́lándì, ọmọ ilẹ̀ náà ni. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹfà ọdún náà, òfin sì yí padà. Láti ọdún 2005, ọmọ àwọn àlejò di ẹni tí a ń wo iye ọdún tí òbí rẹ̀ ti gbé níbẹ̀. Ciarán kì í ṣe ìwé ìrìnnà, Adéwálé kò sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rotimi Adebari ni ó ń jẹ́ nígbà tí wọ́n fi í jẹ olórí ìlú Portlaoise ní ọdún 2007, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Adeleke ni gbogbo Írẹ́lándì ń ké nígbà tí Rhasidat, ọmọ tí a bí ní Dublin, bá wọn gba góòlù eré sísá ilẹ̀ Yúróòpù ní Róòmù ní ọdún 2024.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ àmì sí méjèèjì. Àmì tí wọ́n ń pè ní fada jọ àmì ohùn òkè wa, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ni ó ń fà gùn. Seán jẹ́ orúkọ. Sean láìsí àmì túmọ̀ sí ogbó. Òjó tiwa náà, bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, ó di ojo. Àwọn ará Írẹ́lándì jà títí ọ̀rọ̀ fada fi wọ inú òfin ní ọdún 2021, kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lè máa kọ orúkọ wọn bí ó ti yẹ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwa tí a máa ń sọ pé, "Ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe rọrùn fún yín."

Ẹ̀kẹrin, kí orúkọ Yorùbá àti oríkì wà nínú ìwé ìbí, kì í ṣe nínú ẹnu nìkan. Oṣù 3 ni òfin fún òbí ní Írẹ́lándì láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ 42 ni ní England. Ọjọ́ kẹjọ ti kọjá kí ó tó di ìgbà yẹn. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí bàbá àgbà àti ìyá àgbà bá fi ránṣẹ́ sí ìwé, ẹ fi àmì sí i, ẹ sì mú un dání lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, bí kò tilẹ̀ lò ó ní ilé ẹ̀kọ́, yóò mọ ibi tí yóò ti wá a ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ilé baba rẹ̀. Agbebì ní láti wá tirẹ̀ kiri kí ó tó rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa kí a lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìdí tí ẹ fi yàn án. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń retí ọmọ, ẹ ó sọ̀ ọ́ ní àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní. Kí orúkọ mọ́ àwọn ọmọ wa lórí o.