Òkè Ni Tiwa, Omi Ni Tiwọn: Ìtàn Ganvié àti Adágún Nokoué

Ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ sọ lónìí: ọkọ̀, ẹja, àkúnya omi, àti ẹni tó ni etí omi.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín. Kí ló kan ará Ìkàrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi? Kí ló kan ará Ọ̀kà tó kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè? Adágún tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nítòsí ò ju ti Àwàrà lọ, èyí tí wọ́n sé fún omi mímu. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ìtàn àwọn ènìyàn tí mo fẹ́ sọ yìí jọ ìtàn àwọn baba ńlá wa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà tí ogun ń lé ènìyàn

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ilẹ̀ Àkókó kò sinmi. Àwọn ọmọ ogun Tápà ń gun ẹṣin bọ̀ láti àríwá, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìlú tí wọ́n bá ṣẹ́gun. Àwọn ajagun Ìbàdàn náà dé nígbà tiwọn. Àkókó kò sì ní ọba kan ṣoṣo tó lè kó gbogbo ìlú jọ láti dojú kọ ogun bẹ́ẹ̀. Ìlú kéékèèké ni wọ́n, oníkálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú èdè tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní ni òkè. Ẹṣin kì í gun àpáta. Ẹni tó bá wà lókè á rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, òkúta lásán sì tó ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè. Ohun kan náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí wọ́n lọ forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ.

Ó dáa. Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè yìí: ẹni tí ogun ń lé, tí kò ní òkè kankan nítòsí, níbo ni yóò sá sí?

Àwọn tó sá sórí omi

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, ìyẹn ti Kùtọ̀nù, kì í ṣe Bìnì ti Ẹdó. Ní gúúsù ibẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé òkun. Kò sí àpáta, kò sí òkè gíga. Irà, ọ̀sà àti adágún ló pọ̀ níbẹ̀.

Ìjọba Dàhómì, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Abomey, ń gbilẹ̀ nígbà ayé Ọba Agaja. Ó gba Allada ní ọdún 1724, ó sì gba Ouidah ní 1727. Ouidah yìí ni èbúté ńlá tí àwọn òyìnbó ti ń ra ẹrú. Ẹni tó bá ti ní èbúté lọ́wọ́, tó sì ń fi ẹrú pààrọ̀ ìbọn, á máa wá ẹrú sí i ni. Àwọn ìlú kéékèèké tó wà láyìíká di oko ọdẹ.

Àwọn kan nínú àwọn tó ń sá fún òwò ẹrú yìí ló kó wọ inú adágún Nokoué. Wọ́n ri òpó igi mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ igi rìn láti ilé dé ilé. Àwọn la mọ̀ sí Tofinu lónìí, ìlú wọn tó lókìkí jù sì ni Ganvié. Orúkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí "àwùjọ àwọn tó rí ìgbàlà". Bí ẹ bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó sọ ọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhómì láti jagun lórí omi. Bóyá èèwọ̀ ni o, bóyá wọn ò mọ ọkọ̀ tù ni o, ibì kan náà ló já sí. Ọmọ ogun tó bá dé etí adágún á dúró, á máa wo èéfín iná ọbẹ̀ àwọn tó ń wá lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì ní rí wọn mú. Omi ṣe fún Tofinu ohun tí àpáta ṣe fún Àkókó.

Adágún tó ń mí

Nokoué gùn tó nǹkan bí kìlómítà 20 láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 11 láti àríwá sí gúúsù. Ṣùgbọ́n kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàlagbà lè dúró nínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ri òpó mọ́ ọn, ìdí nìyẹn sì ni apẹja ibẹ̀ ṣe máa ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ dípò kó fi àjẹ̀ wà á.

Odò Ouémé àti odò Sô ló ń gbé omi wá sínú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ ní àríwá, omi náà á máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni ó máa ń kún jù. Nígbà yẹn omi adágún á mọ́ kúrò nínú iyọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òkun á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, omi á sì di oníyọ̀. Ẹja tó fẹ́ràn omi òjò á lọ, ẹja òkun àti edé á wọlé. Apẹja tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti pààrọ̀ àwọ̀n kó tó di ìgbà yẹn.

Ẹnu ọ̀nà tí mo wí yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín adágún àti òkun, yanrìn ló wà níbẹ̀, Kùtọ̀nù sì wà lórí yanrìn náà. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi la àárín rẹ̀ kọjá, kí àkúnya omi lè rí ibi gbà lọ sínú òkun, kó má baà bo ìlú. Ọ̀nà náà ló pín Kùtọ̀nù sí méjì títí dòní, etí rẹ̀ sì ni ọjà ńlá Dantokpa wà. Nígbà tó di 1965, wọ́n ṣí èbúté ńlá tí wọ́n kọ́ sínú òkun. Èbúté náà dá yanrìn tí òkun ń gbé lọ dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun tó wà ní ìlà oòrùn ìlú. Ilé àti òpópónà ti lọ síbẹ̀. Bí ènìyàn bá tún omi ṣe níbì kan, omi á wá ibòmíì dà sí.

Igbó inú omi

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni acadja. Apẹja á gé ẹ̀ka igi, á gún wọn mọ́ ìsàlẹ̀ adágún ní títò, títí tí yóò fi dà bí igbó kékeré nínú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewédò á hù mọ́ ẹ̀ka igi náà. Ẹja á wá jẹ ewédò, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀, wọ́n á sì fara pamọ́ fún ẹja ńlá. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, olóko omi á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi kúrò, á sì kó ẹja. Ẹpìyà ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n kékeré. R. L. Welcomme, onímọ̀ nípa ẹja, ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1972. Ó fi hàn pé hẹ́kítà kan acadja lè mú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ẹja wá lọ́dún, láìsí pé ẹnikẹ́ni fún ẹja náà lóúnjẹ.

Àmọ́ kò sí ọgbọ́n tí kò ní ìjà tirẹ̀. Igi acadja kì í tán ní gígé, igbó ẹ̀gbá tó wà létí omi ló sì ń sanwó rẹ̀. Igi tó bá jẹrà á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á sì máa sọ adágún tí kò jìn tẹ́lẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá lówó igi ló lè gún acadja ńlá. Bó bá ti gún un, ibẹ̀ ti di tirẹ̀. Apẹja tó ní àwọ̀n àti ọkọ̀ kan ṣoṣo á wá rí i pé omi tí gbogbo ènìyàn ni tẹ́lẹ̀ ti di oko olóko, ọ̀nà ọkọ̀ sì ti há. Nígbà tí àwọn baba wọn dé, ogun ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ogun tán, ààlà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí omi bá kún ju bó ṣe yẹ

Ẹni tó ń gbé orí omi mọ àkúnya ju ẹnikẹ́ni lọ. Òpó ilé rẹ̀ ga nítorí rẹ̀. Kódà, àkúnya ń ṣe é láǹfààní. Lẹ́bàá odò Ouémé, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbẹ́ kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo. Bí omi bá kún tó sì fà, ẹja á ṣẹ́ kù sínú kòtò náà, wọ́n á sì kó o.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, omi kọjá ohun tí ọgbọ́n ká. Ìjọba ìbílẹ̀ 55 nínú 77 tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin ni àkúnya kàn, àwọn tó sì kàn lé ní 600,000. Lórí ilẹ̀, ilé amọ̀ wó. Ní etí adágún, àwọn tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò ga ló jìyà jù. Kùtọ̀nù ti dàgbà, ó ti ń tẹ̀ síwájú sínú irà, ìdọ̀tí ìlú sì ń ṣàn wọ inú omi tí àwọn ẹlòmíì ti ń pẹja. Omi tó yẹ kó tẹ́ sílẹ̀ kò ríbi tẹ́ sí mọ́.

Omi kan náà dé ọ̀dọ̀ wa

Bí ẹ bá rò pé ọ̀nà jìn, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín. Láti Nokoué, omi gba ọ̀nà dé ọ̀sà Àjàṣẹ́, ó gba Badagry, ó sì wọ Ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ ń ná láti ayé àtijọ́. Ọ̀nà yìí náà ni ewé water hyacinth gbà wọlé. Gbogbo wa mọ ojú oró àti òṣíbàtà tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà pé ká máa lékè. Èyí yàtọ̀ sí wọn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Badagry, ó sì tàn káàkiri dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ọmọ ìpínlẹ̀ Òndó bíi tiwa. Ó ń dí ojú omi, ọkọ̀ kì í lè kọjá, àwọ̀n kì í lè rì.

Àwọn ènìyàn náà gba ọ̀nà omi wá. Ní Makoko, lábẹ́ ojú àwọn tó ń sáré kọjá lórí afárá Third Mainland, àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ló ń gbé inú ilé olópòó, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń yan ẹja, wọ́n ń tà á fún Èkó. Bí ẹ bá fi fọ́tò Makoko sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ganvié, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá wà o. Ní ọdún 1996, ìjọba Benin kọ orúkọ Ganvié sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Àwọn àlejò ń sanwó ọkọ̀ láti lọ wò ó. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn kan ní Makoko ní wákàtí 72 láti kó kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Láàárín 2016 sí 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame náà kúrò létí ọ̀sà. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé irú lílé bẹ́ẹ̀ tako òfin. Àwọn tí wọ́n lé ti fọ́n ká.

Òpó kan náà, ọkọ̀ kan náà, ẹja kan náà. Níbì kan, wọ́n ń pè é ní ogún. Níbòmíì, wọ́n ń pè é ní ìdọ̀tí. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà kò ṣòro: iye owó ilẹ̀ létí omi. Ní Èkó, wọ́n lè da yanrìn sómi kó di ilẹ̀, kí wọ́n sì tà á. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ nígbà tí àwọn apẹja dé ti di ibi tí gbogbo olówó ń wá.

Kí n má ṣe àbòsí, ìgbé ayé Ganvié kò rọrùn. Omi tó yí wọn ká kò ṣe é mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ ìṣòro, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ sí Kùtọ̀nù wá iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò, kó kó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí baba rẹ̀ ri òpó ilé nítorí kí wọ́n má baà tà á lẹ́rú, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó yọ òpó náà.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún ẹ̀yin ará Àkókó nìyẹn. Àwa ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a ti kọ́lé sí etí títì, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ orúkọ àpáta tí ìdílé wa sá sí. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń dín kù. Ẹ fi fóònù tó wà lọ́wọ́ yín gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi bàbá yín àgbà, ẹ bi ìyá yín àgbà: òkè wo ni? Ta ló kọ́kọ́ gùn ún? Kí ni wọ́n ń mu níbẹ̀? Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹnì kan fẹ́ fọ́ òkè náà fún òkúta ilé, ẹ ó ní nǹkan láti sọ.

Ẹ fi ohùn tí ẹ bá gbà ránṣẹ́ sí wa, a ó lò ó nínú ètò tó ń bọ̀.