Ariwo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: Bí awakọ̀ ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kì í sábà ṣàdédé gbóná kó sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ké sí ẹni tó ń wà á. Àmọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń yí rédíò sókè kí wọ́n má baà gbọ́ igbe náà. Ìgbà tí ooru bá ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni wọ́n tó ń mọ̀ pé ohun tí owó bẹ́líìtì kan ìbá tán ti di owó odidi ẹ́ńjìnnì.

Pọ́ọ̀ǹpù omi ló ń ti omi yí ara ẹ́ńjìnnì ká kó lè gba ooru rẹ̀. Omi náà yóò gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn àti fáànù yóò ti mú un tutù kó tó padà. Témósítáàtì ni aṣọ́nà tó wà láàrin wọn. Kì í ṣílẹ̀kùn fún omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru tó bó ṣe yẹ. Ibi tí ariwo ti ń wá, àti àsìkò tó ń wá, ni yóò fi hàn èwo nínú wọn ló ń ṣàìsàn.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni ìró bíi ti omi tó ń hó nínú ìkòkò, tí wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Atẹ́gùn ló há sínú omi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi tàbí họ́ọ̀sì ni, kò le. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí wọ́n gbé ọkọ̀ síbi tí imú rẹ̀ yóò ti ga ju ìdí lọ, kí wọ́n ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí wọ́n bu omi kún un, kí wọ́n sì ṣáná sí i. Bí omi bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kí wọ́n máa bù kún un, títí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́, kí wọ́n tó dé e.

Ṣùgbọ́n bí ìró náà bá padà wá láìsí ẹni tó fọwọ́ kan omi, tí omi sì ń dín láìsí ibi tó ń jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń ráyè wọnú omi. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró ní sàlẹ́ńsà, tàbí ọ́ìlì tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, máa ń jẹ́rìí sí i. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Igbe tó ń han-ni létí nígbà tí wọ́n bá ṣáná láàárọ̀ sábà máa ń wá láti ara bẹ́líìtì. Èyí tó bá dẹ̀, kí wọ́n fà á le; èyí tó bá ti sán, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa fi ọṣẹ pa á.

Ìró tó ń kùn bí ọlọ, tó sì ń le sí i bí wọ́n ṣe ń tẹná mọ́ ọkọ̀, burú ju ìyẹn lọ. Bíárìn pọ́ọ̀ǹpù omi lè ti jẹ. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n yọ bẹ́líìtì, tí púlì pọ́ọ̀ǹpù sì ń mì lọ́wọ́, tàbí tí omi ń kán láti ihò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù tuntun ló kù. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé táímìn bẹ́líìtì ló ń yí i, bí pọ́ọ̀ǹpù bá há, bẹ́líìtì náà lè já, kí písítìnì sì kọlu fáàfù.

Fáànù tó ṣì ń yí fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọkọ̀ kì í ṣe àrùn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Èyí tí kò dún rárá nígbà tí ọwọ́ òṣùwọ̀n ooru ti gòkè ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Kí rewáyà yẹ fíúsì àti wáyà rẹ̀ wò.

Ìró ṣíì, bíi ti ejò, ń sọ pé ooru ń sá jáde lójú họ́ọ̀sì tó sán tàbí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Ibí yìí ni ewu wà fún ara èèyàn. Ìdérí rédíétọ̀ ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó bó tilẹ̀ gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ẹnìkan bá ṣí i lójijì, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì tú sí i lójú. Kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì dúró ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú, títí họ́ọ̀sì òkè yóò fi ṣeé dì mú. Kó má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí irin lè sán.

Àṣà méjì wà láàrin àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni yíyọ témósítáàtì sọnù, pẹ̀lú àwáwí pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè móoru, ó ń jẹ epo jù, ó sì ń tètè gbó. Èkejì ni bíbu omi kànga sí rédíétọ̀ lójoojúmọ́. Omi lásán ń mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà náà ni yóò sì dí ojú rédíétọ̀. Kúlántì ló ń dènà èyí, òun náà ló sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó.

Nítorí náà, kí awakọ̀ má kàn sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ òun ń pariwo. Ṣé ìgbà tó tutù ló ń dún ni, àbí ìgbà tó gbóná? Ṣé ó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára? Ṣé omi ń dín? Ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ra rédíétọ̀ tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìdérí rẹ̀ lásán ló bàjẹ́.