Orúkọ fún Iṣẹ́ Wáyà Inú Ọkàn

Bí o bá sọ fún ìyá kan lọ́jà Àgbálátà, ní Àgbádárìgì, pé ọkọ rẹ̀ ní 'ìkọlù ọkàn', á fẹ́ mọ ẹni tó kọ lù ú. Àìsàn yìí kò ní ọ̀tá kankan: ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè dé apá kan ẹran ọkàn mọ́, tí apá náà sì kú. 'Ikú ẹran-ọkàn' ni èmi á pè é. Ó le létí, àmọ́ ó ṣínà fún ọ̀rọ̀ tó kàn, àpá, torí ibi tó kú náà ló ń di àpá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti ìṣègùn kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣẹ̀dá tèmi. Àpá kò kúkú nílò ìṣẹ̀dá. Ògù tó ń ta àgbọn mọ̀ ọ́n, Àwórì tó ń rà á náà mọ̀ ọ́n. Nínú àpá ọkàn, fọ́nrán ẹran díẹ̀ ṣì wà láàyè. Mànàmáná ọkàn ń wọ́ gba inú wọn, ó ń yí po lójú kan, ọkàn á sì máa sáré àsápajúdé. 'Àyípo' nìyẹn. Mo sá fún pípe mànàmáná yìí ní 'iná', nítorí dókítà á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti itan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn, á fi ooru sun ojú ọ̀nà náà. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ iná, èwo ló ń pa èwo? Mo sá fún pípe wáyà náà ní 'kátítà' pẹ̀lú: rọ́bà ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. 'Sísun ojú-àyípo' tẹ́ mi lọ́rùn.

'Àṣeyọrí' ló fẹ́ ìṣọ́ra jù. Bí àpá bá fẹ̀, tàbí tó jìn sínú ẹran, ooru lè má ká a. Bí àyípo bá ju ẹyọ kan lọ, tí ọkàn ò lágbára àtifún ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí kíndìnrín náà ń ṣàárẹ̀, ìsáré lè padà. Bí dókítà bá tọ́ ọkàn níjà kó tó yọ wáyà, tí ìsáré ò dìde, 'àṣeyọrí orí bẹ́ẹ̀dì' nìyẹn. 'Ìdákẹ́ pípẹ́' yàtọ̀. Oṣù ló ń fi í hàn. Nínú ìwádìí VANISH ti 2016, aláìsàn 259 ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tí wọ́n sun ojú-àyípo wọn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi kún oògùn wọn lọ lápapọ̀, tí a bá ka ìjì pọ̀ mọ́ ìyọnu yòókù; ìjì ni ìsáré tó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán láàárín wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ní ti ikú, ìyàtọ̀ gidi kò hàn láàárín ìhà méjèèjì. Nítorí náà, n kò ní fi 'ìwòsàn' túmọ̀ àṣeyọrí yìí, bó ti wù kó dùn tó létí ìyàwó aláìsàn.