Apakoríko

Apakoríko: a + pa + koríko, ohun tó ń pa koríko. Orúkọ yìí ò fi nǹkan kan pamọ́. Ṣùgbọ́n ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, "oògùn" lásán ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pè é: "Mo fẹ́ lọ fín oògùn sóko àgbàdo." Orúkọ kan náà la fi ń pe ohun tó ń wo ibà sàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó bá gbọ́ "oògùn", ọkàn rẹ̀ á balẹ̀: á fọwọ́ lásán pò ó, á ṣan gálọ́ọ̀nù rẹ̀, á fi pọn omi mímu.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí èèyàn bá gbé díẹ̀ mì nínú paraquat, ọ̀kan lára àwọn apakoríko, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bà jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024. Wọ́n de atrazine, apakoríko mìíràn, náà ní 2025.

Ẹ jẹ́ ká máa pe apakoríko ní májèlé koríko. Ta ni yóò fi gálọ́ọ̀nù májèlé pọnmi fọ́mọ rẹ̀?